Land Rover 109 bàbá mi: mo fẹ́ tún ásùlù àti bíréèkì rẹ̀ ṣe fúnra mi nílé

Akin_ÒkèÒgùn

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́. Land Rover Series III ni, èyí tó gùn, 109, ọdún 1976 ni wọ́n ṣe é. Bàbá mi rà á ní gbàǹjo ìjọba ní 1984. Òun ló ń kó àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ wa láti oko lọ́nà Adó-Àwáyè wá sí Ìṣẹ́yìn, òun náà ló gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bí àbúrò mi. Láti 2011 ló ti wà lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá ti di olóògbé báyìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gé e tà ní kílò.

Lóṣù tó kọjá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jí. Inú mi dùn títí mo fi tẹ bíréèkì tí ẹsẹ̀ mi lọ kan ilẹ̀ ọkọ̀ gbì. Mo wá bẹ abẹ́ rẹ̀ wò: ọ́ìlì dúdú ti rin táyà ẹ̀yìn ọ̀tún nínú lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù irin ńlá méjì tó wà nídìí táyà iwájú ti dípẹtà, ọ́ìlì sì ń kán níbẹ̀ pẹ̀lú. Mẹkáníìkì kan níbí ní kí n lọ ra ásùlù Hilux (ásùlù ni ọ̀pá irin ńlá tó gbé táyà ọ̀tún àti òsì) kí òun fi wélídìn gbé e sí i. Mi ò gbà. Mo ní àkókò ní òpin ọ̀sẹ̀, mo ní sípánà díẹ̀ àti jáàkì kan, mo sì lè kàwé. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá_Tọ́nà

Ọmọ mi, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún bàbá rẹ. Inú mi dùn pé o kọ̀ fún ẹni tó fẹ́ gé e. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ tọ́nà, ìyẹn fífi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, àti mẹkáníìkì ní ọgbà iṣẹ́ ìjọba kan, irú ọkọ̀ yìí ni mo fi kọ́ iṣẹ́.

Kí o tó fọwọ́ kan jáàkì, gbọ́ èyí ná. Hándíbíréèkì Series kò sí lára táyà. Dúrọ́ọ̀mù tirẹ̀, ìyẹn abọ́ irin tí bíréèkì ń tẹ̀ láti inú, dá wà lẹ́yìn àpótí gíà, níbi tí ṣáàfù gígùn tó ń lọ sí ásùlù ẹ̀yìn ti jáde, ṣáàfù yẹn nìkan ló ń dì mú. Tí o bá fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan kúrò nílẹ̀, dífà inú ásùlù, ìyẹn àwọn eyín irin tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, á jẹ́ kí táyà tó wà lókè máa yí sẹ́yìn bí èyí tó wà nílẹ̀ ṣe ń yí síwájú. Ọkọ̀ á rìn, o sì ti fa hándíbíréèkì dé òpin. Tí o bá wá fa ṣáàfù táyà ẹ̀yìn jáde, hándíbíréèkì kò rí nǹkan kan dì mú mọ́ rárá. Mo rí ọmọṣẹ́ kan tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí lójú mi. Ọkọ̀ yí kúrò lórí jáàkì, ó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Kò kú, ṣùgbọ́n ó ń tiro títí dòní.

Nítorí náà, orí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó le, ni kí o ti ṣe é. Gé ìtì igi líle ní ìgun mẹ́ta, fi dí táyà tó bá kù nílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kì í ṣe òkúta rógódó tó lè yí. Lẹ́yìn náà kí o wá gbé e. Má sì gbé e lé búlọ́ọ̀kù láéláé. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Ní kí wélídà ṣe ẹsẹ̀ irin mẹ́rin fún ọ, kí ìdí rẹ̀ fẹ̀, kí orí rẹ̀ dà bí àwo kótópó tí ọ̀pá ásùlù á lè jókòó sí. Owó tó yẹ kí o kọ́kọ́ ná nìyẹn, kó tó kan ẹyọ síìlì kan, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò.

Akin_ÒkèÒgùn

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ni mo ti tò sílẹ̀ dè é. Mo ti kó wọn kúrò. Mo ń lọ sọ́dọ̀ wélídà lọ́la.

Rẹ̀mí_Birmingham

Akin, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ara fẹ́ra kù. Ìlú tí mo ń gbé kò jìnnà sí Solihull tí wọ́n ti ń ṣe Land Rover láti 1948, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo sì ń ṣe. Èmi àti ọkọ mi tún 88 kan, irú èyí tó kúrú, ṣe ní gàréèjì wa, ọdún méjì gbáko ló gbà wá, nítorí òjò àti òtútù. Ẹ̀yin ní oòrùn, ẹ̀yin á yára ju wa lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun kan tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Lórí ásùlù kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí irin kékeré kan bí ìdérí, ó ní ihò tí ásùlù fi ń mí. Tí ásùlù bá gbóná lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀, ibẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ gbà jáde. Tí ẹrẹ̀ tàbí ìtẹ́ agbọ́n bá ti dí i, afẹ́fẹ́ á ti ọ́ìlì gba ara síìlì jáde. Ọkọ̀ tó ti wà lábẹ́ igi láti 2011, agbọ́n ti kọ́lé síbẹ̀ dájú. Ẹ tú u, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ fẹnu fẹ́ ẹ títí afẹ́fẹ́ á fi máa kọjá. Mo mọ ẹnìkan tó pààrọ̀ síìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó mọ̀ pé ihò yìí ló ń dà á láàmú.

Nípa táyà ẹ̀yìn ọ̀tún: síìlì tó wà lẹ́yìn họ́ọ̀bù, irin àárín tí táyà so mọ́, kì í fara kan ọ̀pá tí họ́ọ̀bù ń yí lé lórí ní tààrà. Òrùka irin kan wà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pá yẹn, orí òrùka náà ni ètè síìlì ti ń fara nù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, síìlì á ti ha òrùka náà, ilà á yí i ká, ẹ fi èékánná fà á, ẹ máa mọ̀ ọ́n. Síìlì tuntun lórí òrùka tó ti ní ilà á jò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Méjèèjì lẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ pọ̀. Ẹ má fi òòlù lu òrùka tuntun wọlé. Ẹ rì í bọ inú ọ́ìlì gbígbóná díẹ̀, á fẹ̀, á sì wọlé pẹ̀lẹ́.

Ìbéèrè kan: ásùlù ẹ̀yìn yín, ṣé ó ní ìdérí pẹrẹsẹ lẹ́yìn tí bóòtù yí ká? Tó bá ní, irú ásùlù tí wọ́n ń pè ní Salisbury ni, ọ̀pọ̀ 109 Series III ló ní i. Ó lágbára, ọ́ìlì tó ń gbà sì jẹ́ lítà 2.5. Èyí tí kò ní ìdérí lẹ́yìn, irú èyí tó wà níwájú ọkọ̀ yín, lítà 1.75 ló ń gbà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tàn yín jẹ níbi títà ọ́ìlì.

Kúnlé_Ìbàdàn

Akin, páàtì wà, má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà ọ́. Èmi máa ń lọ sí Aráròmí ní Àgọ́dì Gate. Tí wọn ò bá ní níbẹ̀, mo máa ń lọ sí Ladipo l'Ékòó. Fún irin àtijọ́ bíi họ́ọ̀bù àti àwo ẹ̀yìn bíréèkì, lọ wo Ọwọ́dé Onírin. Gbé èyí tó bàjẹ́ dání, má fi ẹnu júwe. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé "ọ̀kan náà ni" láì fi wọ́n lé ara wọn, fún un ní páàtì rẹ̀ padà.

Láínììn (ohun tó ń fara ha inú dúrọ́ọ̀mù kí táyà lè dúró) tí ọ́ìlì ti rin, tí kò bá tíì jẹ tán, fi bẹntirò fọ̀ ọ́, ṣá iná sí i kó jó ọ́ìlì inú rẹ̀ jáde, kí o fi sáńpépà ha á. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Rẹ̀mí_Birmingham

Kúnlé, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè jẹ́ kí eléyìí kọjá. Láínììn ń fa ọ́ìlì mu bí búrẹ́dì ṣe ń fa ọbẹ̀. Ẹ̀yin á fọ ojú rẹ̀, tí bíréèkì bá wá gbóná, ọ́ìlì inú á tún jáde sí ojú. Ọjọ́ tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ló máa jáde. Táyà yẹn kò ní dúró, èkejì á dúró, ọkọ̀ á sì fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Iná tí ẹ sọ tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láínììn ayé àtijọ́ ní asbestos nínú. Níbí, láti 1999 ni òfin ti ka títà rẹ̀ léèwọ̀ pátápátá, nítorí pé eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Akin, ẹ̀yin kò lè mọ èyí tó wà nínú ọkọ̀ bàbá yín, torí náà ẹ kà á sí pé ó wà níbẹ̀. Ẹ má ṣá iná sí i, ẹ má fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ dúrọ́ọ̀mù, ẹ má sì fẹnu fẹ́ ẹ. Omi àti ọṣẹ ni kí ẹ fi rẹ ẹ́ kí eruku má baà gbéra, kí ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ di àkísà náà mọ́ inú ọ̀rá kí ẹ jù ú nù. Kí àwọn ọmọdé má sí nítòsí.

Ẹ pààrọ̀ láínììn ọ̀tún àti òsì pọ̀, kódà bí òsì ṣì dára.

Kúnlé_Ìbàdàn

Mo gbà, Àǹtí Rẹ̀mí. Mi ò mọ ti asbestos yẹn. Mo ti fẹ́ eruku yẹn lójú ara mi kò níye, ọ̀gá mi náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Màá sọ fún àwọn ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Akin_ÒkèÒgùn

Ìròyìn ti òpin ọ̀sẹ̀ yìí. Ásùlù ẹ̀yìn ní ìdérí, Salisbury ni. Agbọ́n ti kọ́lé sínú ihò ìmí méjèèjì lóòótọ́, amọ̀ ló kún inú wọn bámú.

Mo ya fọ́tò gbogbo nǹkan kí n tó tú u, táyà kan ṣoṣo ni mo sì tú kí n lè máa fi èkejì wò. Ìskúrúù mẹ́ta tó di dúrọ́ọ̀mù mú kò yí rárá. Mo fi epo bọ̀ wọ́n lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo fi òòlù lù wọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárọ̀, méjì yọ, a ní láti gbẹ́ ìkẹta jáde. Bóòtù mẹ́fà tó wà lórí ojú họ́ọ̀bù ni mo tú, ṣáàfù sì jáde gbọọrọ láì yọ nǹkan mìíràn. Ó yà mí lẹ́nu.

Inú họ́ọ̀bù ni ìṣòro wà. Nọ́ọ̀tì ńlá méjì tó wà níbẹ̀, ẹnìkan ti fi ṣísẹ́lì lù wọ́n káàkiri, ẹnu wọn ti jẹ. Òrùka irin tí Àǹtí Rẹ̀mí sọ ní ilà tí èékánná mi wọ̀. Láínììn rin gbindin-gbindin. Wíìlì sìlíńdà, èyí tó ń ti láínììn mọ́ dúrọ́ọ̀mù, kò lọ, kò bọ̀. Kí ni kí n ṣe sí nọ́ọ̀tì wọ̀nyí, báwo ni mo sì ṣe máa mọ bí bíárìn, àwọn róólà tí họ́ọ̀bù ń yí lé lórí, ṣe gbọ́dọ̀ le tó nígbà tí mo bá ń dá a padà?

Bàbá_Tọ́nà

Ra nọ́ọ̀tì tuntun méjèèjì àti wáṣà tó wà láàárín wọn. Sípánà tó tú u jẹ́ onípáìpù, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 52 mílímítà. Tí o kò bá rí i rà, tọ́nà lè gé e fún ọ lára páìpù tó nípọn. Ẹni tó fi ṣísẹ́lì ṣe iṣẹ́ yìí kò ní sípánà, kò sì bìkítà. Ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni pé nọ́ọ̀tì kò ní le bó ṣe yẹ, bíárìn á jẹ, họ́ọ̀bù á máa mì, síìlì á sì máa jò. O ti wá rí ibi tí ọ́ìlì yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Bíárìn wá. Fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí gíríìsì àtijọ́ á fi lọ tán. Jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, má fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yí i. Wò ó lójú oòrùn. Tí ojú róólà tàbí ojú òrùka tó jókòó sí nínú họ́ọ̀bù bá ní àmì dúdú, tó bá ní ihò tóótòòtó, tàbí tó ti di aláwọ̀ búlúù, bíárìn náà ti kú. Má fi bíárìn tuntun sí inú òrùka àtijọ́. Tẹ gíríìsì wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí á fi jáde ní apá kejì láàárín róólà gbogbo. Kì í ṣe kí o kan kùn ún lójú.

Nígbà tí o bá ń dì í, máa yí họ́ọ̀bù bí o ṣe ń dì í, kí róólà lè jókòó. Tó bá ti ń le, dá nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ padà díẹ̀. Ohun tí ìwé wa ní ọgbà iṣẹ́ sọ ni pé kí họ́ọ̀bù lè sún síwá sẹ́yìn ní 0.10 sí 0.15 mílímítà. Géèjì olójú aago ló ń wọn ìyẹn, bi tọ́nà ìlú rẹ bóyá á yá ọ. Tẹ ẹnu wáṣà mọ́ nọ́ọ̀tì inú, di nọ́ọ̀tì ìta, kí o wá tún wọ̀n ọ́n, nítorí dídi nọ́ọ̀tì kejì máa ń yí ìwọ̀n padà. Ìgbà tí o bá tún wọ̀n ọ́n tán ni kí o tó tẹ wáṣà mọ́ nọ́ọ̀tì ìta. Èmi máa ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọṣẹ́ mi máa ń kùn, ṣùgbọ́n kò sí họ́ọ̀bù mi tó jẹ bíárìn.

Alhaja_Olóríẹni

Ẹ jẹ́ kí èmi tó ń ta páàtì bíréèkì sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ má ra rọ́bà inú wíìlì sìlíńdà nìkan nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Sìlíńdà tó ti wà láìṣiṣẹ́ láti 2011, omi ti jẹ inú rẹ̀. Rọ́bà tuntun á máa fara ha ibi tó ti ní ihò, á jò padà. Ẹ ra sìlíńdà odidi. Tí 109 bá jẹ́ ti dúrọ́ọ̀mù íǹṣì 11, táyà iwájú kọ̀ọ̀kan ní sìlíńdà méjì, ti ẹ̀yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra mẹ́rin, wọ́n á tún padà wá bá mi.

Ẹ̀ẹ̀kejì: epo bẹntirò, kẹrosíìnì, gíríìsì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ kan rọ́bà bíréèkì. Rọ́bà á wú, á dì mọ́ inú sìlíńdà, bíréèkì á sì di táyà mú láì jẹ́ kó lọ. Ọ́ìlì bíréèkì tó mọ́ nìkan ni kí ẹ fi nu inú sìlíńdà àti rọ́bà. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti fi bẹntirò ba páàtì tuntun jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á.

Ẹ̀ẹ̀kẹta: ọ́ìlì bíréèkì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Ẹ ra èyí tí ìdérí rẹ̀ ṣì dì. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti bù sínú ìgò omi. Tí omi bá wà nínú rẹ̀, tí bíréèkì bá gbóná, omi á hó, á di ooru, ẹsẹ̀ yín á sì lọ ilẹ̀. Ó tún ń bó ọ̀dà ọkọ̀, ẹ tètè fi omi ṣan án tó bá kán sára.

Akin_ÒkèÒgùn

Alhaja, ẹ ṣeun. Mẹ́rin ni mo ti rà. Mo ń padà lọ ra méjì sí i.

Rẹ̀mí_Birmingham

Kó tó di pé ẹ dé iwájú: bọ́ọ̀lù irin tí ẹ sọ pé ó ti dípẹtà. Króòmù ló wà lójú rẹ̀, síìlì ńlá kan sì ń fara nù ún bí táyà ṣe ń yà sọ́tùn-ún sósì. Tí ojú bọ́ọ̀lù bá ní ihò ìpẹtà, á máa ge ètè síìlì bí ayùn. Ihò kékeré, a máa ń fi lẹ́ẹ̀ oníméjì tó ń le bí irin dí i, ká wá fi sáńpépà tó dán jù lọ ha á títí ọwọ́ kò fi ní mọ̀ ọ́n. Tó bá ti bó ní ìṣù-ìṣù, bọ́ọ̀lù tuntun ni o. Ó wọ́n. Àwọn tuntun wà níbí, mo sì mọ àwọn èèyàn tó máa ń gbé e wá sílé nínú ẹrù wọn.

Kúnlé_Ìbàdàn

Fún síìlì bọ́ọ̀lù yẹn, Akin, kò pọn dandan kí o tú odidi apá ásùlù. Gé síìlì tuntun níbì kan, fi ràgà bo bọ́ọ̀lù náà, kí o yí ibi tí o gé sókè, kí o fi àwo irin rẹ̀ dì í. Tèmi ti ń lọ láti ọdún méjì.

Bàbá_Tọ́nà

Kúnlé, òótọ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́. A ṣe é fún ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà oko tó gbọ́dọ̀ délé. Ṣùgbọ́n Akin kò sí lójú ọ̀nà. Tí kò bá tú bọ́ọ̀lù náà, kò ní rí síìlì kékeré tó wà nínú rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì dífà ṣàn wá sínú àpótí bọ́ọ̀lù. Síìlì yẹn ló máa ń bàjẹ́ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àmì rẹ̀ ni pé ọ́ìlì inú àpótí bọ́ọ̀lù á máa pọ̀ sí i, ti dífà á máa dín. Ìdajì lítà ni àpótí kọ̀ọ̀kan ń gbà, ọ́ìlì 90 kan náà tó wà nínú dífà ni. Tí o bá tú ìdè rẹ̀ tó ju ìdajì lítà lọ tú jáde, o ti mọ ibi tó ti wá.

Tú u pátá. Lókè bọ́ọ̀lù, o máa rí àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín lábẹ́ ìdérí píìnì òkè. Má jù wọ́n nù, má sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti òdìkejì. Àwọn ló ń sọ bí ọrùn táyà ṣe máa le tó nígbà tí o bá ń yà. Yíyọ ọ̀kan á mú un le, fífi kún un á mú un rọ̀. So òṣùwọ̀n onísípíríǹgì tí àwọn ẹlẹ́ja ń lò mọ́ orí apá sítíárìn, fà á, kí o fi iye tó bá sọ wé ti ìwé ọkọ̀ rẹ. Síìlì ńlá kò gbọ́dọ̀ tíì wọlé nígbà tí o bá ń wọ̀n ọ́n, nítorí pé fífara nù rẹ̀ á kún ìwọ̀n rẹ. Ọrùn tó bá rọ̀ jù ló máa ń mú kí sítíárìn máa gbọ̀n rìrì lójú ọ̀nà títì.

Ọláìyá_Ìlọrin

88 ni tèmi, kò ní Salisbury lẹ́yìn, ṣáàfù rẹ̀ tinrín. Ó ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ẹrẹ̀ lọ́nà Jẹ́bbà. Mo fi gíà sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, iwájú ló fà mí délé. Ẹ̀rí ọkàn mi ni kí n sọ èyí: ẹ gbọ́dọ̀ wá ẹyọ tó kù nínú ásùlù jáde. Mo yọ ṣáàfù òdìkejì, mo fi ọ̀pá irin gígùn tì í jáde. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, á wọ inú eyín dífà.

Akin_ÒkèÒgùn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ti kọjá. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Ásùlù méjèèjì ti parí. Bọ́ọ̀lù òsì gba lẹ́ẹ̀, ti ọ̀tún kò gbà á, ẹ̀gbọ́n mi kan bá mi gbé tuntun bọ̀ láti London nígbà tó ń bọ̀ fún ìgbéyàwó. Lítà kan ó lé díẹ̀ ló jáde nínú àpótí bọ́ọ̀lù òsì, bí Bàbá ṣe wí gẹ́lẹ́.

Ìṣòro mi báyìí ni bíréèkì. Mo ti fa afẹ́fẹ́ inú páìpù bíréèkì jáde láti táyà tó jìnnà jù sí másítà sìlíńdà (èyí tó ń ti ọ́ìlì lọ sí gbogbo táyà tí a bá tẹ bíréèkì) títí dé èyí tó sún mọ́ ọn jù, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àbúrò mi ń tẹ̀, èmi ń tú. Síbẹ̀, bíréèkì ń lọ sílẹ̀ jìnnà kó tó le. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, á gòkè.

Alhaja_Olóríẹni

Ṣé másítà sìlíńdà tuntun ni tàbí ti àtijọ́?

Akin_ÒkèÒgùn

Tuntun ni, Alhaja.

Rẹ̀mí_Birmingham

Tó bá ń gòkè tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́, ó sì lè jẹ́ pé láínììn jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù. Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Lórí 109, láínììn kọ̀ọ̀kan ní bóòtù tirẹ̀ lẹ́yìn àwo bíréèkì, èyí tó ń yí irin bí ìkarahun ìgbín nínú. Ẹ yí gbogbo wọn títí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò fi ní yí mọ́. Ẹ wá tẹ bíréèkì. Tó bá le lókè lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí afẹ́fẹ́, jíjìnnà láínììn ni. Tó bá ṣì ń rọ̀ bí kànìnkànìn, afẹ́fẹ́ wà níbì kan.

Akin_ÒkèÒgùn

Àǹtí mi, ó le bí òkúta! Láínììn ni. Mo ti ń fa afẹ́fẹ́ tí kò sí níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti da ọ́ìlì tó jáde nù, mi ò dá a padà, Alhaja.

Bàbá_Tọ́nà

Dára. Dá bóòtù kọ̀ọ̀kan padà díẹ̀díẹ̀ títí táyà á fi yí láì ha. Ìha díẹ̀ tó ń dún fẹ́rẹ́ kò burú, láínììn tuntun kò tíì bá ojú dúrọ́ọ̀mù mu. Tẹ bíréèkì gan-an lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí láínììn lè jókòó sí àárín, kí o tún yí bóòtù wò. Lẹ́yìn nǹkan bí igba kìlómítà, á tún nílò rẹ̀.

Má gbé e lọ sójú títì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gíà kékeré, inú ọgbà, kí ẹnìkan má dúró níwájú rẹ.

Akin_ÒkèÒgùn

A wà á lónìí. Inú ọgbà ni a ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà lójú ọ̀nà oko. Mo tẹ bíréèkì, ó dúró. Ìyá mi wà lẹ́bàá ọ̀nà, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn di ìbòrí wọn mú.

Ó fà sí òsì díẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn kìlómítà márùn-ún mo dúró, mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan láì kàn án. Ti iwájú òsì gbóná ju ti ọ̀tún lọ. Mo dá bóòtù rẹ̀ padà díẹ̀, mo tún rìn, méjèèjì wá gbóná bákan náà. Kò sí ọ́ìlì lára táyà kankan. Mo ti fi ọ̀dà funfun fa ilà sórí nọ́ọ̀tì táyà gbogbo, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta màá wò ó bóyá èyíkéyìí ti yí.